Ẹ má tíì ju laptop yín nù nítorí Windows 11

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Lọ́jọ́ náà, laptop tí mo ti ń lò láti ọdún 2017 ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, bátìrì nìkan ni mo ti pààrọ̀. Àmọ́ Windows 11 kò gbà á. TPM 2.0 ni Windows 11 ń béèrè, ìyẹn ohun ààbò kan tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ. Ó tún ń béèrè processor tí kò tíì pẹ́ jù. Tèmi ti pẹ́.

Mo lọ bi wọ́n ní Computer Village n'Íkẹjà iye tí tuntun jẹ́. Nígbà tí wọ́n pe owó, mo kàn kí wọn pé ó dàárọ̀ ni. Tòkunbọ̀ tí apá mi ká, ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tó wà nílé. Ẹni tó ń tà á ò sọ ìyẹn o. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó mọ́ tónítóní, UK used ni."

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Òfin ni mo kà ní yunifásítì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lo Windows tí bọ̀dá kan fi activator ṣí fún mi. Ètò kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí Copyright Act ọdún 2022 dáàbò bò, bó ṣe ń dáàbò bo ìwé. Mo mọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Èyí tí a tiẹ̀ sanwó rẹ̀ gan-an, a ò rà á. Ẹ ka ìwé àdéhùn tí gbogbo wa máa ń tẹ "I accept" sí: wọ́n ní àwọn gbà wá láàyè láti lò ó ni, àwọn ò tà á. Ayálégbé ni wá nínú laptop tí a fowó ara wa rà, lánlọ́ọ̀dù ló sì ń sọ ìgbà tí òun ò ní tún òrùlé ṣe mọ́.

Ni mo bá download Linux Mint, bíi 3GB, sórí fláàṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, àṣẹ tó wà lára rẹ̀ sì gbà yín láàyè láti lò ó, láti pín in, kódà láti tún un ṣe. Ẹ lè dán an wò láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí n tó kó fáìlì mi síbòmíì, kí n sì nu Windows kúrò.

Kò dùn bí oyin o. Mo kọ ìwé ìbúra kan lórí LibreOffice, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Word. Nígbà tó ṣí i, nọ́ńbà ti dàrú, ìpínrọ̀ keje ti di ìkíní. Ó pè mí: "Learned, ṣé o ti mu nǹkan ni?" Látìgbà náà, PDF ni mo ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi Photoshop tàbí AutoCAD jẹun, ẹ má tẹ̀ lé mi, wọn ò ṣe é fún Linux.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣì máa ra tòkunbọ̀ ló ń kọ mí lóminú. Laptop tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun bá kó sílẹ̀ nítorí Windows 11, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa balẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa tà á, pẹ̀lú Windows 10 tí ẹnikẹ́ni ò dí ihò ara rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ sì ni ọmọ ẹlòmíì máa tẹ NIN àti nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ sí. Ṣé ó pọ̀ jù kí ẹni tó ń tà á sọ fún oníbàárà, tàbí kó fi Linux sí i fún un? Àwọn iléèwé wa ńkọ́, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní "kọ̀ǹpútà" tó jẹ́ pé Windows nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ?

Àbúrò mi obìnrin tó ń sin ìjọba lọ́wọ́ ra ọ̀kan lóṣù tó kọjá. Mo fi Mint sí i. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, Chrome dà?" Mo fi hàn án, ó sì gbé laptop rẹ̀ lọ.