Kí Àwọn Ọmọ Wa Lè Dúró ní Ìdálẹ̀

Ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya! Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa ni.

A ti ṣe àkíyèsí àṣà méjì láàárín wa, kò sì sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì. Èkíní ni ti òbí tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kan òkúta rárá. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bá fi í ṣe ẹlẹ́yà pé kò gbọ́ Hausa, bàbá a di ẹrù rẹ̀, a fi í ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé. Èkejì ni ti òbí tí ó gbé igbá lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí pé kí ó máa kiri láàárín ọkọ̀, tí ó sì ń wí pé òun ń sọ ọ́ di akin. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 pàápàá lòdì sí i.

Àárín méjèèjì ni ọ̀nà wà. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, obìnrin onímọ̀ kan, Emmy Werner, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ ọmọ 698 tí a bí ní 1955, ọdún kan náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn wa, títí àwọn ọmọ náà fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú àwọn tí ìṣòro ilé wọn pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó yege láyé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àgbà kan, ó kéré tán, tí ó dúró tì í, ìbáà ṣe ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n. Púpọ̀ nínú wọn sì ní iṣẹ́ ilé tí a gbé lé wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin wọ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ẹ rán ọmọ ọdún méje ní iyọ̀ ní ìsọ̀ ìtòsí, kí ó bèèrè “nawa ne?”, kí ó sì ka ṣéńjì rẹ̀. Bí ó bá ṣì í kà, kí ó padà lọ. Bí ó bá gba òdo nínú ìṣirò, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ bá a wo ibi tí ó ti ṣìnà. Bí wọ́n bá fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán, kí ẹ sì kọ́ ọ ní èdè tí yóò fi dáhùn lọ́la.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ jẹ́ kí ó rí ojú yín níbẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá síhìn-ín ni kò gbọ́ Hausa lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọjà ni ó kọ́ wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìkẹ́ gba ogún yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.