Pípọ̀ Lẹ́tà Kọ́ Ni Àrùn Náà

Àwọn olùkọ́ kan ń kéde káàkiri pé ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí ímeèlì ti di ariwo ọjà, àti pé kí onílàákàyè kúrò níbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò to ẹrù ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ bú ẹni tí ó gbé ẹrù wá fún un.

Lẹ́tà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ kì í ṣe ohun titun. Ní 1986 ni Eric Thomas ti ṣe LISTSERV, ètò tí ń gba lẹ́tà kan tí ó sì ń fọ́n ọn ká fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Lónìí, ẹni tí kò fẹ́ kí lẹ́tà máa já lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan lè bèèrè pé kí a di ti ọjọ́ kan pọ̀ ṣọ̀kan fún òun. Ó sì lè pàṣẹ fún àpótí lẹ́tà rẹ̀ kí ó máa ya ti ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀gá ilé-ìwé àti ti ẹbí. Mélòó nínú wa ni ó ti ṣe é? Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ọdún gbọọrọ ni a sì fi ń sunkún lé e lórí.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni mo bínú sí jù. Ẹnì kan jẹ oyè. Ogójì ènìyàn a dáhùn pé ‘Ẹ kú oríire’ sí gbogbo ẹgbẹ́, olúkúlùkù a sì so gbogbo lẹ́tà àná mọ́ ìdí tirẹ̀ bí ìrù. Bí olùkọ́ kan ní Sókótó bá wá bèèrè, lábẹ́ àkọlé oríire yẹn kan náà, bí a ti í kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá nílé ní àmì ohùn, ta ni yóò rí i? Àwa tí a mọ ìdáhùn yóò ti pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn akíni. Ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìlànà RFC 1855, tí Sally Hambridge kọ ní 1995, ti ní kí ẹni titun máa kà fún oṣù kan sí méjì kí ó tó kọ ohunkóhun, àti kí ẹni tí ń fèsì fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó tó sílẹ̀. (Bí èyí bá le lójú ẹnikẹ́ni, kí ó rántí bí àlejò ti í ṣe níbi tí àgbà ti ń sọ̀rọ̀.)

Wọn yóò ní àṣà wa ni ìkíni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ìkókó ni a ti í lọ kí i, a kì í dúró sí àárín ọjà pariwo rẹ̀. Olóyè ní àdírẹ́sì. Níbẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ pẹ̀lú, ẹ yé tijú láti dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.