Ẹ Lọ Yẹ Ìtọ̀ Yín Wò fún Mẹ́kúrì

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Johannesburg, ní Yeoville, Hillbrow, Berea àti àyíká wọn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹ bá ń fi ìpara tàbí ọṣẹ bó ara, bí ẹ bá ń tà á, tàbí bí ẹ bá ń sun wúrà tí àwọn zama zama, ìyẹn àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ, wà jáde, ẹ sọ fún dókítà pé kó yẹ ìtọ̀ yín wò fún mẹ́kúrì. Ẹ má dúró dìgbà tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n tàbí tí ẹsẹ̀ yín bá wú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ yí ike ìpara yín padà, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí "calomel", "mercuric iodide", "ammoniated mercury" tàbí "Hg", mẹ́kúrì ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kó má kan wúrà tàbí fàdákà, ẹ fura. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbà ọrùn, ṣé ọrùn ló yẹ kó kàn? Èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára pàápàá kò ṣeé fọkàn tán. Aṣọ ìnura àti ìfarakanra lè gbé e dé ara àwọn ọmọdé inú ilé.

Ti wúrà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi iná sí wúrà tí wọ́n fi mẹ́kúrì kó jọ, èéfín rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró ń fà. Kíndìnrín ni mẹ́kúrì ìpara àti ti èéfín ń kó sí, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń tú àṣírí wọn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń wá èyí tó bá ẹja wọlé.

Ẹ fi ọṣẹ tí kò ní mẹ́kúrì fọ ọwọ́, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó tọ̀ sínú ike tí láàbù bá fún yín. Láàbù á wọn creatinine pẹ̀lú rẹ̀, kí omi tí ẹ mu má bàa jẹ́ kí mẹ́kúrì dà bíi pé ó kéré. Lára ẹni tí kò bá mẹ́kúrì ṣe, iye rẹ̀ kì í sábà kọjá 20 máíkírógíráàmù nínú lítà ìtọ̀ kan. National Institute for Occupational Health, tó wà nítòsí Constitution Hill, ní láàbù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu oògùn DMSA tàbí DMPS kẹ́ ẹ tó tọ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Oògùn náà máa ń fa mẹ́kúrì jáde kódà lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Wọ́n á wá fi iye yẹn dẹ́rù bà yín, wọ́n á ta ìtọ́jú olówó gọbọi fún yín.

Tí èsì bá dé, ẹ gbà á sọ́wọ́, kẹ́ ẹ lè fi béèrè pé kí wọ́n tún ibi iṣẹ́ ṣe. Ní Cato Ridge ní KwaZulu-Natal, mẹ́kúrì pa àwọn òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ Thor Chemicals ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹ̀sùn tó dé ilé ẹjọ́ ní London ni pé, bí mẹ́kúrì bá ti ga nínú ìtọ̀ òṣìṣẹ́ kan, wọ́n á kàn gbé e kúrò, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ní 1997, iléeṣẹ́ náà gbà láti san £1.3 mílíọ̀nù. Àyẹ̀wò tí kò bá mú kí wọ́n tún ibi iṣẹ́ ṣe, ìwé lásán ni.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dúró sílé. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Johannesburg ti dájọ́ ní 2023 pé aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, yálà wọ́n ní ìwé tàbí wọn ò ní.

Ẹ jáwọ́ nínú ìpara náà lónìí. Ẹ má sun wúrà nínú ilé mọ́. Ẹ gbé ike ìpara náà lọ́wọ́ lọ sí kíníìkì lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mẹ́kúrì máa ń dín kù lára láàárín oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó lọ lè má rí bó ṣe pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín tó ti bàjẹ́ kò ní torí ìyẹn sàn.