Ìkórè Wa, Ta Ló Ń Jẹ Ẹ́?

Ẹ̀yin ará mi, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìdúpẹ́ ìkórè sì ti dé. Iṣu àti ọsàn á kún iwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n àwa tá à ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ náà la máa tún un pín jẹ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ní 1865, William Booth àti Catherine ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere láàárín àwọn tálákà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ yẹn ló di Salvation Army, tó dé Èkó ní 1920. Wọ́n ń wàásù, wọ́n sì ń bọ́ ẹni tébi ń pa. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Lójú tèmi, ká kó ìdajì ìkórè ọdún yìí fún àwọn alábàárù tó ń sùn lọ́jà ìgboro. Ká má sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn wọn o.