Ìlú Ìbejì Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́kọ́ Mọ Oyún Ìbejì Tọ́jú

Nínú ìlú Ìbàràpá méjèèje, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun bíi ti Ìgbò-Ọrà, ìlú tí Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, yàn láàyò ṣe ibùjókòó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti ọdún 2018 ni àjọ̀dún ìbejì ti ń kó Táyé àti Kẹ́hìndé, àgbà àti èwe, jọ síbẹ̀ nínú aṣọ kan náà. Ohun ayọ̀ ni, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni dín ayọ̀ náà kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ létí ìlù: gbogbo oyún ìbejì, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, oyún tí ó gba ìṣọ́ra ni, ìlú tí ó bá sì ń fi ìbejì yangàn ni ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo ìlú yòókù nínú ṣíṣọ́ irú oyún bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Kì í ṣe òní ni ayé ti gbọ́ nípa wa. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń wá gbé ní Ìgbò-Ọrà láti kọ́ bí a ti ń tọ́jú ará ìletò. Ní ọdún 1969 ni Dókítà P. P. S. Nylander, onímọ̀ nípa aboyún ní Ìbàdàn, sì tẹ ìwé jáde pé nínú 1,000 ìbímọ ní Ìgbò-Ọrà, èyí tí ó jẹ́ ìbejì ju 40 lọ, nígbà tí ti àwọn ará Yúróòpù kò ju bí 12 lọ. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ni ó fà á, àwọn mìíràn ní àmàlà ni. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì fi ọwọ́ sí èyíkéyìí, n kò sì ní í fi í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun tí ó dùn mí ni pé láti ìgbà náà wá, lẹ́yìn tí a bá ti bí ẹ̀jìrẹ́ wa tán ni gbogbo ayé ń wá kà wọ́n. Kí ọ̀bẹ wa má baà mú kí ó má lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àkókò tó tí àwa fúnra wa yóò máa kà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ilé-ọmọ.

Obìnrin tí ó gbé ẹ̀jìrẹ́ ń fi ẹ̀jẹ̀ ara kan bọ́ ẹni méjì, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ a máa tètè dín. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa yára ru ju ti ẹni tí ó gbé ọmọ kan lọ, bí ó bá sì ti dé 140 lórí 90, tí orí ń fọ́, tí ojú ń wú, tí ìríran ń ṣe bàìbàì, gìrì aboyún ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní ọwọ́ ayé. Ilé-ọmọ tí ó ti nà kọjá àlà kì í tètè sún kì lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ya. Ó sì ju ìdajì àwọn ìbejì lọ tí ó ń dé kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí kò ní ohun tí a lè ṣe sí i. Aspirin kékeré ojoojúmọ́, bí dókítà bá fi ọwọ́ sí i láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, a máa dín ẹ̀jẹ̀ ríru oyún kù. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate, tí wọ́n dán wò lára obìnrin tí ó ju 10,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà pẹ̀lú, dín gìrì kù ju ìdajì lọ, gẹ́gẹ́ bí èsì rẹ̀ ti jáde ní ọdún 2002. Ní ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi hàn, nínú ìwádìí tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, pé abẹ́rẹ́ dexamethasone tí a gún fún ìyá tí ó fẹ́ bímọ láìpé oṣù ń gba ẹ̀mí ọmọ là. Oògùn olówó pọ́ọ́kú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún ìyá ní aspirin ní oṣù kẹta, bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ní oṣù kẹta pé ìbejì ni ó gbé?

Nítorí náà ni mo fi ní síkáànù ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, èyí tí a bá sì ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 ni ó dára jù. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àkókò yẹn gan-an ni ó rọrùn láti mọ̀ bóyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ibi ọmọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ tàbí wọ́n jọ ń lo ẹyọ kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú ìbejì Yorùbá ni ó wá láti inú ẹyin méjì, tí olúkúlùkù sì ní ibi tirẹ̀, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo ibi kan ni ó wà nínú ewu tí agbẹ̀bí kò lè fọwọ́ kàn: nínú 100 irú oyún bẹ́ẹ̀, bí 10 sí 15 ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan ti ń ṣàn sára èkejì, tí omi ń gbẹ lọ́dọ̀ ọ̀kan, tí ó ń kún àkúnya lọ́dọ̀ èkejì, tí méjèèjì sì lè bá a lọ bí a kò bá tètè ṣe nǹkan. Títọ́jú ọmọ nínú ilé-ọmọ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní ọdún 1963 kan náà tí ètò Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ ni Dókítà William Liley, ní New Zealand, gba inú ikùn ìyá fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ tí a kò tíì bí lára. Lónìí, iná laser ni wọ́n fi ń dí àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láàárín irú ìbejì bẹ́ẹ̀. N kò bèèrè laser fún Ìbàràpá. Mímọ̀ ni mo ń bèèrè, kí a lè tètè rán ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí sí èyí tí ó wà ní Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta.

Ẹni tí ó bá ní owó kò sí, kí ó rántí Èrúwà, nínú Ìbàràpá yìí kan náà, níbi tí olóògbé Dókítà Oluyombo Awojobi ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní ọdún 1986, tí ó fi táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti tó, tí ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọdún 2015.

Ẹjọ́ kan kù sílé. Àwọn ìyá abiyè àti àwọn ilé àdúrà, n kò bá wọn jà; ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni a ó fi gbẹ̀bí nítorí pé ìdí ni Táyé fẹ́ fi jáde, tí ìyá ọkọ sì ní irú rẹ̀ kò sí nínú ìran àwọn, tí wọ́n gbé aláboyún kúrò lórí ibùsùn lọ sí ibòmíràn, ta ni yóò dáhùn fún ẹ̀mí mẹ́ta? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn abiyè àti àwọn wòlíì gan-an ni mo bẹ̀, kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa wí fún obìnrin pé, “Ìyá ìbejì, kọ́kọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí o tó wá gba àdúrà.”

Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ìbàràpá àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jọ jókòó. Kí síkáànù àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo aboyún, láti Ìgàngán dé Làńlátẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ dáadáa. Kí ìgbà mẹ́jọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí olùtọ́jú, láti ọdún 2016, má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ orí ìwé. Kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú fìríìjì tí oòrùn ń fún ní iná, kí ọkọ̀ kan sì wà ní sẹpẹ́ lóru. Ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo wa kà á: iye oyún ìbejì tí a mọ̀ kí oṣù kẹrin tó pé, iye ọmọ tí ó yè, àti iye ìyá tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé.