Kẹ́ ẹ tó mú ìyá yín lọ sílé ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn lóru

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ọmọ tí òkété fẹ́ mu ọmú rẹ̀ lóde òní, inú ṣọ́ọ̀bù ló wà láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, tàbí tó ń tẹ ìwé ní Ṣómólú l'Ékòó, kò ní ọ̀gá tó máa fún un ní ìsinmi tó sì tún máa san owó oṣù fún un. Ọjọ́ tó bá tilẹ̀kùn láti jókòó ti ìyá rẹ̀, ọjọ́ náà ni owó dáwọ́ dúró.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà fi ń wọ àárín àwọn oníṣòwò wa. Ohun tó kọ́kọ́ ń bà wọ́n lẹ́rù ni ẹnu ayé: "Ṣẹ́ ẹ rí i, ó ti lọ da ìyá ẹ̀ nù." Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́ síra wa. Ìyá ẹni ọdún 80 tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò ju ọdún 13 lọ, tí ọmọ náà kò mọ oògùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti da ìyẹn náà nù sínú ilé? Ibi tí ìtọ́jú gidi bá wà ló yẹ kí àgbà wà, ìbáà jẹ́ ilé ọmọ, ìbáà jẹ́ ilé tí wọ́n ń sanwó fún.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa wá ilé kiri, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe àgbà náà. Ilé-ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ní ẹ̀ka kan fún àwọn àgbàlagbà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 2012. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru, oríkèé ríro tàbí àìsàn ìgbàgbé ló ń yọ ìyá lẹ́nu. Ẹni tí orúnkún nìkan ń dà láàmú lè má nílò ju olùtọ́jú tí yóò máa wá sílé lójúmọ́ lọ. Ẹni tó ń jáde lóru láìmọ ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn ilé yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀kan ní Yaba, ìjọ Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Mushin, àwọn aládàáni náà sì ti ń dá tiwọn sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé ọ̀dà ara ògiri àti tẹlifíṣàn ńlá ni wọ́n ń wò. Àgbà kì í sábà ṣubú níwájú àlejò. Ó lè ṣubú lóru, nígbà tó bá fẹ́ lọ tọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lóru, àgbà mélòó ni wọ́n ń ṣọ́? Ṣé nọ́ọ̀sì wà nínú wọn? Bí ara ìyá bá yí padà laago méjì òru, ilé-ìwòsàn wo ni wọ́n ń gbé wọn lọ, mọ́tò wo ni wọ́n sì fi ń gbé wọn? Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, kẹ́ ẹ sì yọ sí wọn lójijì lọ́jọ́ Sunday lẹ́ẹ̀kejì. Bí ilé bá ń rùn fún ìtọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kò tó. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ kí àwọn àgbà tàbí wọ́n ń jágbe mọ́ wọn. Ìyá tí kò gbọ́ Òyìnbó láàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, àdádó ló wà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ ká fi N150,000 lóṣù ṣàpẹẹrẹ. N1.8 mílíọ̀nù nìyẹn lọ́dún. Oníṣòwò tó ń jèrè N10 lórí ọjà N100 gbọ́dọ̀ ta ọjà N18 mílíọ̀nù kó tó rí owó yìí nìkan, kò tíì jẹun, kò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí, ojú owó ni yóò máa kó san. Bí ojú owó bá tán, ìyá á padà sílé, ṣọ́ọ̀bù á sì ti kógbá wọlé. Kí gbogbo ọmọ ìyá jókòó, tó fi mọ́ àwọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n kọ iye tí kálukú yóò máa san sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un. Kì í ṣe ẹni tó wà nítòsí nìkan ni ìyá bí.

Ẹ gba ìwé àdéhùn, kẹ́ ẹ sì kà á dáadáa. Ṣé oògùn àti owó dókítà wà nínú owó oṣù náà? Ìgbà wo ni wọ́n lè fowó kún un? Bí ìyá bá fẹ́ kúrò, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí owó tó ṣẹ́kù? Ilé tí kò lè já rìsíìtì, ẹ má fi òbí yín síbẹ̀.

Òfin tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ti wà látọdún 2017. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 sì ní kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, nítorí náà, ẹ forúkọ ìyá sílẹ̀ lábẹ́ ètò ìpínlẹ̀ yín. Àmọ́ kò sí òfin tó máa bá yín lọ yọjú lọ́jọ́ Sunday.

Paríparì rẹ̀, ẹ bi ìyá fúnra wọn. Wọn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń kó láti ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an wò. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà, ẹ máa lọ wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan náà nígbà gbogbo. Kò sí oníṣòwò gidi tó ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ lóṣù mẹ́ta láìyọjú síbẹ̀. Ìyá sì ju ṣọ́ọ̀bù lọ.