Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ń Tọ́jú Arúgbó Sinmi

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí ni Yorùbá fi ń rán ọmọ létí ojúṣe rẹ̀ sí òbí tí ó ti darúgbó. Ṣùgbọ́n bí àárẹ̀ bá mú ọmọ tí ń fún ni lọ́mú ńkọ́? Ta ni yóò bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀, kí ó lè mí díẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìwó ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ajé ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, tí àwọn òbí wọn sì wà nílé. Nínú agbolé púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹrù ìtọ́jú já lé léjìká: ọmọbìnrin tí kò kúrò nílé, tàbí ìyàwó ilé. Òun ni í wẹ baba tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí í sì ń yí i padà kí egbò má baà dá sí i lára. Òun náà ni kì í sùn lóru, nítorí pé ìyá tí ń ṣarán lè ṣílẹ̀kùn kí ó sì sọnù.

Owó tí àwọn ará Òkè Ọya ń fi ránṣẹ́ wúlò, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n owó kì í jí lóru yí aláìsàn padà. Bí àárẹ̀ bá pọ̀ jù, inú a máa bí olùtọ́jú sí ẹni tí ó fẹ́ràn. Bí òun náà bá sì wó lulẹ̀, aláìsàn di méjì nínú ilé kan.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ronú sí ọ̀ràn yìí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2000 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń pèsè owó fún àwọn ìpínlẹ̀ láti ran àwọn tí ń tọ́jú ẹbí wọn lọ́wọ́. Ìsinmi fún ìgbà díẹ̀ sì wà lára ìrànlọ́wọ́ náà. Ní Nàìjíríà, abala 16 ìwé òfin ọdún 1999 fi ìtọ́jú arúgbó sí ara ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ lépa, òfin ọdún 2017 sì dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ mú èrò rere yìí wọ inú agbolé, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa dúró fún olùtọ́jú lọ́jọ́ kan tàbí méjì.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtìjú ni kí a fi òbí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá Yorùbá a máa ṣe àáró lóko, ti ẹnì kan lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní ìlú òkèèrè sọ ìtọ́jú arúgbó di àáró. Kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ya ọ̀sẹ̀ méjì sọ́tọ̀ lọ́dún láti wá gba iṣẹ́ náà ṣe; kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń fún aláìsàn lóògùn àti bí a ti ń gbé e dìde. Kí ẹni tí kò lè wá san owó fún ẹni tí a fọkàn tán. Fún àwọn tí wọ́n ti mú òbí wá sí Òkè Ọya, kí ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí máa gbà wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í lọ́ra láti dáwó màlúù àti aṣọ ẹbí nígbà ìsìnkú. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Bí wọ́n bá sì tẹ ilé láago, kí wọ́n má dúró lórí “Baba ńkọ́?” Kí wọ́n bi ẹni tí ń tọ́jú Baba léèrè ìgbà tí ó sùn mọ́jú kẹ́yìn.